Kí wọ́n tó tú ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà yín, ẹ wo rọ́bà ìdí káábúrétọ̀ ná

Ẹ ní ọ̀kadà yín máa ń jí dáadáa láàárọ̀, àmọ́ bí ẹ bá ti gùn ún jìnnà díẹ̀ tí ẹ fẹ́ kó sáré, á bẹ̀rẹ̀ sí í mísì, á máa húkọ́, á sì kú. Ẹ ti pààrọ̀ pùlọ́ọ̀gì lẹ́ẹ̀mejì. Mẹkáníìkì wá ní ríìngì inú ẹ́ńjìnnì ti jẹ, kí ẹ jẹ́ kí òun tú ẹ́ńjìnnì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún un lówó. Ibi tí ẹ dúró sí yìí ni èmi náà dúró sí lọ́jọ́sí, owó tí mo ná kí n tó rí ìdí ọ̀rọ̀ sì tó owó àgbò Iléyá.

Ọ̀nà oko ni mo máa ń gùn, láàárín Ìsẹ́yìn sí Òkèhò, gbàgúdá ni mo sì máa ń kó sẹ́yìn. Àsìkò ọyẹ́ ni ọ̀kadà mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, ìyẹn ló jẹ́ kí gbogbo wa gbà pé eruku ni. A yọ fíítà tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́, ó dúdú bí ìdí ìkòkò lóòótọ́. A fọ̀ ọ́, ó gbẹ, a dá a padà. Ọ̀kadà ò yí ìwà padà.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tú káábúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀, ó yọ jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin kékeré oníhò tí epo ń gbà kọjá, ó já fọ́nrán wáyà kan lára okùn bíréèkì, ó sì ń fi í gún ihò jẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń ta eyín. Èmi tún ń bá a di tọ́ọ̀ṣì mú! Ihò yẹn, wọ́n wọn bó ṣe fẹ̀ tó kí wọ́n tó lu ú. Bó bá fi díẹ̀ fẹ̀ sí i, epo tí ẹ́ńjìnnì ń mu á pọ̀ ju èyí tó yẹ afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni pùlọ́ọ̀gì mi ti ń dúdú bí èédú, tí epo sì ń tán bí ẹni ń dà á nù. Bí jẹ́ẹ̀tì bá dí, ẹ rì í sínú epo bẹntiróòlù mọ́jú, kí ẹ wá gbé e lọ sọ́dọ̀ fọ́káníṣà kó bá yín fi afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹ nà án sókè sí ìmọ́lẹ̀. Tí ẹ bá rí ihò náà róbótó, ó ti mọ́.

Mo ra káábúrétọ̀ tuntun. Dúdú ti pùlọ́ọ̀gì ń dú lọ, mísì ò lọ. Pùlọ́ọ̀gì wá bẹ̀rẹ̀ sí í funfun bí eérú. Bí mo bá ti dẹ ọwọ́, sáléńsà á máa yìnbọn, pó-pó-pó, débi pé ajá àdúgbò mọ ìgbà tí mo bá ń bọ̀ nílé. Súlóò rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ tí n kò bá fa ọwọ́, náà ò dúró sójú kan, á ròkè fúnra rẹ̀, á tún wálẹ̀. Ẹ fetí sí ibí yìí dáadáa: tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí bá pàdé, afẹ́fẹ́ ló ń gba ibi tí kò yẹ wọlé. N ò mọ̀ ọ́n nígbà yẹn. Mẹkáníìkì kejì ní fáàfù ni, ìyẹn ìlẹ̀kùn tó ń ṣí tó sì ń padé fún afẹ́fẹ́ àti èéfín ẹ́ńjìnnì. Ó tú orí ẹ́ńjìnnì, ó lọ fáàfù, ó pààrọ̀ ríìngì, ó kó gbogbo rẹ̀ padà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, pó-pó-pó.

Bàbá kan tó ń tún ẹ̀rọ ìlọgbàgúdá ṣe ní Òkèhò ló wá yọ mí. Kò tú nǹkan kan. Ó ní kí n jẹ́ kí ọ̀kadà wà ní súlóò, ó fa omi sínú sírínjì, ó sì ń kán an díẹ̀díẹ̀ sára rọ́bà tó so káábúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí omi ṣe kan abẹ́ rọ́bà náà, ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà. Nígbà tí omi gbẹ, ohùn padà sí ti tẹ́lẹ̀. Ó tún kán an, ó tún yí. Ó yọ rọ́bà yẹn, ó tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ, ojú sì là gbọọrọ lábẹ́ rẹ̀. Tí ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́, ẹ ò lè rí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti tú rọ́bà yìí tí wọ́n tún dè é padà lójú mi. Orí rẹ̀ náà ni wọ́n gbé káábúrétọ̀ tuntun mi lé!

Mo bi bàbá náà pé kí ló dé tó fi ń jí dáadáa láàárọ̀. Ó ní ṣebí mo máa ń fa ṣóòkù, ìyẹn ọwọ́ tí a ń fà láàárọ̀ kí ọ̀kadà lè jí, epo tí ṣóòkù ń fà wọlé ló ń bo àṣírí afẹ́fẹ́ yẹn. Bí mo bá ti dá ṣóòkù padà, tí ara ẹ́ńjìnnì gbóná, tó ń gbọ̀n, ojú tó là á yà, ìjàngbọ̀n bẹ̀rẹ̀. Ó gé tíúùbù kẹ̀kẹ́, ó fi wé e pinpin, mo gùn ún délé. Tíúùbù ò lè pẹ́ níbẹ̀ o, epo máa ń jẹ ẹ́. Nígbà tí mo ra rọ́bà tuntun, owó rẹ̀ ò tó ti pùlọ́ọ̀gì méjì.

(Àwọn kan máa ń fi epo bẹntiróòlù ṣe àyẹ̀wò yìí dípò omi. Ẹ má dán an wò. Sáléńsà tó gbóná wà nítòsí.)

Àmọ́ tiyín yìí, pé ó máa ń rìn jìnnà kó tó kú, ìdérí táńkì ni n ó kọ́kọ́ fura sí, torí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ihò kékeré kan wà lára rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ táńkì. Bí eruku bá dí i, epo ò ní lè ṣàn wálẹ̀ mọ́. Nígbà tó bá tún kú, ẹ ṣí ìdérí náà: tó bá mí fúùù, tí ọ̀kadà sì jí, ẹ ti rí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tú bóòtì kékeré tó wà nídìí káábúrétọ̀, kí ẹ gbe epo rẹ̀ sínú ìgò funfun. Omi á lọ jókòó sísàlẹ̀ ìgò, pàápàá tó bá jẹ́ epo inú kẹ́ẹ̀gì ẹ̀bá títì ni ẹ rà. Ìgbà náà ni ẹ ó wá dé orí rọ́bà. Tápẹ́ẹ̀tì (àlàfo kékeré tó wà lórí fáàfù) tó fún jù náà lè mú kó kú tó bá gbóná, àmọ́ ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù ni wọ́n máa ń wọ̀n ọ́n, iye rẹ̀ sì wà nínú ìwé tó bá ọ̀kadà wá. Ẹ̀yọ kan ni kí ẹ ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ gùn ún, kí ẹ tó kan òmíràn.

Ẹ gùn ún sáré díẹ̀, kí ẹ pa á, kó tutù, kí ẹ yọ pùlọ́ọ̀gì, kí ẹ sọ àwọ̀ rẹ̀ fún mi: dúdú, funfun, àbí pupa rẹ́súrẹ́sú bí amọ̀. Tó bá wá jẹ́ rọ́bà, ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà, torí ihò bóòtì wọn kì í dọ́gba. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rin ìrìn yẹn.