Kí ló yẹ kí n mọ̀ kí n tó wọ bowl orí òkè?

Ìbéèrè: Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń ṣe sikíì, ìyẹn fífi pátákó gígùn méjì yọ̀ lórí yìnyín. Ọ̀nà aláwọ̀ búlùú, tó le níwọ̀nba, kò le fún mi mọ́, mo sì ti ń dán àwọn dúdú, tó le jù ú lọ, wò. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n bá àwọn lọ sí bowl tó wà lókè pátápátá, níbi tí igi kò ti ń hù mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n mọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rù yẹn ṣe yín ní yẹ̀yẹ́. Bí igbá tí wọ́n là sí méjì ni bowl rí: etí rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́. Etí igbá yẹn niṣẹ́ wà. Afẹ́fẹ́ máa ń kó yìnyín láti ẹ̀gbẹ́ kan òkè wá kó o jọ sí èkejì, títí yóò fi yọ síta bí etí òrùlé. Ẹ lè rò pé orí ilẹ̀ lẹ dúró sí, kó jẹ́ pé òfuurufú ló wà lábẹ́ yín. Ẹ jìnnà sí i.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà láàárín dígírì 30 sí 45 ni yìnyín ti sábà máa ń ya lulẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì dùn ún yọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹ̀ṣọ́ òkè fi ń ju ohun abúgbàù síbẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i. Tí wọ́n bá fi okùn dí i, ó ti parí. Ipasẹ̀ ẹni tó ti gba abẹ́ okùn kọjá kì í ṣe ẹ̀rí pé ibẹ̀ dára.

Àmọ́ ohun tó ń dààmú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi jù ni ojú ọjọ́. Kò sígi, kò sí òjìji; tí kùrukùru bá bolẹ̀, ọ̀run àti yìnyín á di funfun kan náà. Mo ti rí ẹni tó dúró sójú kan, tó rò pé òun ṣì ń yọ̀ lọ, tó kàn dédé ṣubú. Ẹ mọ yìnyín rogodo kan, ẹ sọ ọ́ síwájú. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tó balẹ̀ sí, ẹ tẹ̀ lé e. Tó bá pòórá, ẹ dúró.

Ẹ tún ro ti èémí. Orí Highland Bowl ní Colorado ga tó mítà 3,777, ẹsẹ̀ lèèyàn sì fi ń gun apá tó kẹ́yìn, pẹ̀lú sikíì léjìká. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò ju bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti etí òkun lọ. Ẹ sinmi dáadáa kẹ́ ẹ tó sọ̀.

Ìdánwò tí mo máa ń fún èèyàn kò ju ẹyọ kan lọ: lórí ọ̀nà dúdú tí ẹ̀rọ kò tẹ́, ẹ gbé sikíì dábùú òkè, kẹ́ ẹ máa fi ẹ̀gbẹ́ yọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì dúró nígbà tó bá wù yín. Ẹni tó bá mọ èyí lè jáde níbikíbi tó bá há sí. Tẹ́ ẹ bá ti lè ṣe é, ẹ mú ọjọ́ tí òòrùn ràn, ẹ gba ẹnu ọ̀nà tó rọrùn jù wọlé. Lọ́jọ́ tí kùrukùru bá wà, ẹ jẹ́ káwọn ọ̀rẹ́ yín máa lọ. Ẹ ó pàdé nísàlẹ̀.