Gíà tó bá Camry Big Daddy mu: ara ọkọ̀ ni kí ẹ ti wá nọ́ńbà rẹ̀

Ọ̀gá mi, ẹ béèrè bóyá gíà tòkunbọ̀ tí wọ́n fi hàn yín ní Ládípọ̀ yóò bá Camry 2003 yín mu, nítorí ẹni tó ń tà á ní gbogbo Big Daddy oní-sílíńdà mẹ́rin ló ń lo gíà kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. Òtítọ́ ni pé láti 2002 títí dé 2006, ẹ́ńjìnnì 2.4 kan náà, èyí tí Toyota ń pè ní 2AZ-FE, ló wà nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n gíà tó so mọ́ ọn kì í ṣe ọ̀kan. Àwọn ti 2002 sí 2004 ń lo U241E, tó ní ìpele mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n tún ojú ọkọ̀ náà ṣe fún 2005, U250E tó ní ìpele márùn-ún ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe fún ìpele mẹ́rin kò mọ bí a ṣe ń darí ìpele karùn-ún, nítorí náà, bí mẹkáníìkì bá tilẹ̀ rí ọ̀nà so gíà náà mọ́ ẹ́ńjìnnì yín, ọkọ̀ náà kò ní rìn bó ṣe yẹ.

Ó ti ná mi lówó kí n tó mọ èyí. Camry 2004 ni èmi ń lò, ẹni tó ta gíà fún mi sì fi ọwọ́ sọ̀yà pé ara ọkọ̀ 2004 ni wọ́n ti tú u, bẹ́ẹ̀ ara ọkọ̀ 2005 ló ti wá. Owó iṣẹ́ mẹkáníìkì àti owó ọ́ìlì tuntun ṣòfò, rewáyà sì ti tú wáyà tí kò ṣẹ̀ ká kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan nọ́ńbà gíà.

Láti ìgbà náà, òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn náà, ẹ ó rí àlẹ̀mọ́ kan tó ní ìlà A/TM. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ nọ́ńbà gíà tí ọkọ̀ náà bá jáde láti ilé iṣẹ́ sí. Bí àlẹ̀mọ́ yẹn bá ti ṣí dànù tàbí tí ọ̀dà ti bò ó, ẹ wo nọ́ńbà ṣáásì lábẹ́ gíláàsì iwájú, kí ẹ sì ka àmì kẹwàá rẹ̀: 2 dúró fún 2002, 3 fún 2003, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ dé 6. Ẹ má gbára lé ọdún tó wà nínú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹ má sì gbára lé oṣù tí wọ́n ṣe ọkọ̀ nìkan, nítorí ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní ìparí 2004 lè jẹ́ ti 2005. Ojú ọkọ̀ ló ń tan ènìyàn jẹ jù lọ. Àìmọye ọkọ̀ 2003 ni wọ́n ti yọ iná àti bọ́ńpà rẹ̀ ní ilẹ̀ wa níbí, tí wọ́n fi ti 2006 sí i kí ó lè dà bí tuntun, ẹni tó bá sì fi iná iwájú dá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ̀ yóò ra gíà tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ní ti gíà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ọdún tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sí i lára kì í ṣe ẹ̀rí, pé ó ṣì so mọ́ ẹ́ńjìnnì 2AZ kì í sì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ gíà tiyín kalẹ̀ kí ẹ tó padà sọ́jà. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ lókè, nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ ka iye ẹsẹ̀ tó wà nínú ojú wáyà rẹ̀, ẹ wo ibi tí síìtì gíà, ìyẹn ohun tó gbé gíà dúró, ti so àti ibi tí páìpù ọ́ìlì ti wọlé, kí ẹ sì fi wọ́n wé èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún yín. Wọ́n lè fi ti Highlander 2.4 tó ń fi táyà iwájú fà lọ̀ yín, nítorí U241E ni òun náà ń lò. Èmi kò ní gbà á, torí pé nọ́ńbà lè dọ́gba kí iye eyín gíà ìkẹyìn, tó ń gbé agbára lọ sí táyà, má dọ́gba.

Ẹ tún sọ pé gíà yín ń ta gìrì bó bá fẹ́ bọ́ sí ìpele kejì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà ná. Bó bá jẹ́ sólénọ́ìdì, ìyẹn fáàfù kékeré oníná tó ń darí ọ́ìlì nínú gíà, ló bàjẹ́, a lè pààrọ̀ rẹ̀ láìra odindi gíà. Kì í sì í ṣe gíà ló máa ń fa gìrì nígbà gbogbo: nínú ọ̀pọ̀ RAV4 2001 sí 2003, tí òun náà jẹ́ ọkọ̀ Toyota, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń fà á.

Bí ó bá di dandan kí ẹ rà á, ẹ dúró ti mẹkáníìkì nígbà tó bá ń fi tọ́ọ̀kì, ìyẹn ohun tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wọ inú gíà, sí i: tọ́ọ̀kì náà gbọ́dọ̀ wọlé tán pátápátá kí gíà tó kan ẹ́ńjìnnì, nítorí bí wọ́n bá fi bọ́ọ̀tì fà á wọlé, pọ́ǹpù inú gíà yóò fọ́. Kí wọ́n fọ páìpù ọ́ìlì àti ibi tó ti ń tutù nínú rédíétọ̀, kí irin wẹ́wẹ́ láti ara gíà àtijọ́ má bàa wọnú tuntun. Ọ́ìlì T-IV ni kí wọ́n dà sínú U241E. Kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ kí olùtajà kọ U241E sórí rìsíìtì, pẹ̀lú àdéhùn pé yóò gbà á padà bí nọ́ńbà bá yàtọ̀. Bí ó bá kọ̀ láti kọ ọ́, ẹ lọ bá ẹlòmíràn.