Ṣé ẹnì kan wà láyé rí tí wọ́n wò kọ ìtàn àròsọ Robinson Crusoe, ọkùnrin tó dá gbé erékùṣù?

Bẹ́ẹ̀ ni: Alexander Selkirk, atukọ̀ ọmọ Scotland tí wọ́n bí ní 1676, ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń tọ́ka sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Daniel Defoe kò dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé náà tó jáde ní 1719.

Ìjà ló fà á. Ní 1704, Selkirk sọ pé Cinque Ports, ọkọ̀ tí òun wà nínú rẹ̀, ti ń jò jù, pé òun kò bá wọn lọ mọ́. Ọ̀gá ọkọ̀, Thomas Stradling, bá já a sílẹ̀ ní Más a Tierra, erékùṣù kan tó jẹ́ ti Chile lónìí, tí ẹnikẹ́ni kì í gbé nígbà náà. Nígbà tó yí ọkàn padà, ẹ̀pa kò bóró mọ́. (Ọkọ̀ náà padà rì lóòótọ́.) Ẹran ewúrẹ́ igbó ló ń jẹ, awọ wọn ló fi ṣe aṣọ, ó sì ń sin ológbò kí eku má baà máa gé e jẹ lóru. Ọkọ̀ Woodes Rogers, ọ̀gá ọkọ̀ ọmọ England, ló wá gbé e ní oṣù Kejì ọdún 1709, lẹ́yìn ọdún 4 àti oṣù 4.

Ìtàn méjèèjì kò bára mu délẹ̀. Ọdún 28 ni Crusoe lò, nítòsí ẹnu odò Orinoco ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Selkirk kò sì ní ẹnì kankan bíi Friday, ìránṣẹ́ Crusoe nínú ìwé náà; àmọ́ ọkùnrin kan láti ẹ̀yà Miskito ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Will ti dá gbé Más a Tierra rí, láti 1681 sí 1684.

Ní 1966, ìjọba Chile sọ erékùṣù náà ní Robinson Crusoe.