Kí ẹ tó sọ pé gentamicin kò mú E. coli mọ́

Ẹ̀yin tí ẹ bèèrè láti Gwagwalada, ohun tí ẹ sọ ni pé E. coli ATCC 25922, bakitéríà tí a ti mọ ìwà rẹ̀ tí ẹ fi ń dán iṣẹ́ yín wò, fi àyè tí kò hù sí, tó fẹ̀ ní mìlímítà 22, sílẹ̀ yí dísìkì gentamicin (bébà kékeré tí a fi oògùn apabakitéríà yìí sí) ká lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣùgbọ́n 16 péré ni lọ́sẹ̀ yìí, nígbà tó jẹ́ pé àárín 19 sí 26 ló yẹ kó wà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka irú àwo bẹ́ẹ̀ ní Kàdúná, n kò sì rò pé kòkòrò náà ló yí padà. Ibi tí ẹ gbìn ín sí ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Oògùn yìí kì í kàn rì wọ inú bakitéríà bí omi ṣe ń rì sínú iyanrìn. Ó kọ́kọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ awọ òde E. coli, á lé magnesium àti calcium tó so awọ náà pọ̀ kúrò, á sì ráyè kọjá. Ṣùgbọ́n tó bá kan awọ inú, agbára tí bakitéríà fúnra rẹ̀ ń rí nínú lílo ọ́síjìn ló ń fà á wọlé. Ìdí nìyí tí gentamicin kò fi ń mú àwọn bakitéríà tí kì í lo ọ́síjìn rárá. Bí ojú ágà, ìyẹn oúnjẹ tó dì tí a gbin bakitéríà sí, bá sì di kíkan bí ásíìdì, agbára tó ń fà á yìí á dínkù.

Mo fi ojú mi rí i nígbà tí inkubétọ̀ (àpótí tó ń mú kí àwo móoru) kún, tí ẹnìkan sì ti àwo gentamicin bọ inú ìgò tí a máa ń tan àbẹ́là sí fún àwọn kòkòrò tó ń fẹ́ carbon dioxide. E. coli hù dáadáa, àwọ̀ ágà kò yí padà, síbẹ̀ àyè náà ti sún mọ́ dísìkì. Carbon dioxide ló sọ ojú ágà di kíkan.

Nítorí náà, ẹ wo àyè tetracycline, oògùn apabakitéríà mìíràn, lórí àwo kan náà. Bí tirẹ̀ bá fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà tí ti gentamicin ń sún kì, pH (òṣùwọ̀n kíkan) ni kí ẹ fura sí, torí kíkan náà tó ń dí gentamicin lọ́wọ́ ló ń ran tetracycline lọ́wọ́. Ẹ wọn pH ágà Mueller-Hinton yín lẹ́yìn tó bá ti dì, 7.2 sí 7.4 ló yẹ kó jẹ́. Bí gbogbo oògùn bá jọ kéré, ó ṣeé ṣe kí ágà ti nípọn ju mìlímítà 4 lọ, tàbí kí ẹ ti gbin kòkòrò pọ̀ jù. (Dísìkì tí kò rí fíríìjì nítorí àìsí iná náà wà níbẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.)

Títí tí ATCC náà yóò fi padà sáàárín 19 sí 26, ẹ má ṣe fi èsì gentamicin aláìsàn kankan ránṣẹ́ sí dókítà.