Ẹ Bi Wá: Maheshwar, Ìlú Aláṣọ Létí Odò Narmada

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Látìgbà tí mo ti kọ ọ́ síbí lóṣù tó kọjá pé mo lo ọ̀sẹ̀ méjì ní Maheshwar, ìlú kékeré kan létí odò Narmada ní ìpínlẹ̀ Madhya Pradesh lórílẹ̀-èdè Íńdíà, ni ìbéèrè ti ń rọ́ wọlé. Mi ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀ tán, àwọn tó pọ̀ jù ni mo kó jọ síbí, ẹni tí mi ò bá dá lóhùn kó jọ̀ọ́ má bínú.

*Àǹtí, ẹ ní obìnrin kan ló sọ ìlú yẹn di ohun tó dà. Báwo lobìnrin ṣe jọba láyé ìgbà yẹn, ṣé wọn ò bá a jà ni? Ọmọ yunifásítì ni mí.*

Àbúrò mi, ohun tójú obìnrin yẹn rí kì í ṣe kékeré. Ahilyabai Holkar lorúkọ ẹ̀, ọdún 1725 ni wọ́n bí i lábúlé Chondi ní Maharashtra, kì í ṣe ọmọ ọba o, ìdílé Holkar tó ń jọba lágbègbè yẹn ló fẹ́ ẹ sílé. Ọdún 1754 ni ọkọ ẹ̀, Khanderao, kú sójú ogun ní Kumher. Láyé ìgbà yẹn opó láàfin lè bá òkú ọkọ ẹ̀ wọ iná, òun náà sì ti múra ẹ̀, bàbá ọkọ ẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Malhar Rao ni bàbá yẹn ń jẹ́, òun náà ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣèjọba, tí bàbá bá wà lójú ogun ọwọ́ ìyàwó ọmọ ẹ̀ ni ilé àti ìwé owó máa ń wà. 1766, bàbá kú. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Ahilyabai bí gorí oyè, òun náà ò pé ọdún kan tó fi kú. Ẹ rò ó wò, láàárín ọdún 13 péré ó sin ọkọ, ó sin bàbá ọkọ, ó sin ọmọ. Àwọn kan láàfin wá ní ọmọdékùnrin kan ni kí wọ́n gbà ṣọmọ kí wọ́n fi jẹ, ó lóun ò gbà. Ó fa ọmọ ogun lé ọ̀gágun kan, Tukoji Rao, lọ́wọ́, ó di ìjọba mú fúnra ẹ̀ láti 1767 títí tó fi kú lọ́dún 1795, Maheshwar ló sì fi ṣe olú ìlú.

Tẹ́ ẹ bá dé ilé ẹ̀ nínú odi tó wà lókè odò, ẹ ò ní rí góòlù kankan o. Òpó igi, àgbàlá, àti ìjókòó kan tí wọ́n tẹ́ nílẹ̀, tìmùtìmù funfun lásán, ibẹ̀ ló jókòó sí tó ń gbọ́ ẹjọ́ aráàlú. Mo dúró síwájú ìjókòó yẹn pẹ́. Ẹni tó tún tẹ́ḿpìlì Kashi Vishwanath kọ́ ní Varanasi lọ́dún 1780, tó gbẹ́ kànga tó sì kọ́ ilé àwọn arìnrìn-àjò káàkiri Íńdíà, ohun tó fi jókòó nìyẹn.

*Ẹ kú iṣẹ́ mà. Àwọn aláṣọ funfun tẹ́ ẹ ní wọn ò gbọ́dọ̀ sọdá odò yẹn, kí ló dé, ṣé èèwọ̀ ni?*

Àwọn tó ń rìnrìn àjò ẹ̀sìn ni wọ́n, èèwọ̀ sì ni o, tí wọ́n bá ti wà lẹ́nu ìrìn yẹn. Parikrama ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni kéèyàn fẹsẹ̀ rìn yí odò Narmada po látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orí òkè Amarkantak ni odò yẹn ti ṣẹ̀, ó gùn tó 1,312 kìlómítà, ìwọ̀ oòrùn ló ń ṣàn lọ títí tó fi já sínú òkun Arébíà. Èèyàn á gba ẹ̀gbẹ́ kan lọ, á gba ẹ̀gbẹ́ kejì bọ̀, ẹ ò rí i pé ó lé ní 2,600 kìlómítà, odò ò sì gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀. Níbi tí odò ti wọ òkun nìkan ni wọ́n ti máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi gba orí òkun bọ́ sí òdìkejì. Ìlànà àwọn àgbà ni pé ọdún 3, oṣù 3 àti ọjọ́ 13 ló máa gbà, torí wọ́n máa ń tẹsẹ̀ dúró síbì kan lásìkò òjò. Lóde òní ọ̀pọ̀ ń fi bọ́ọ̀sì ṣe é, mi ò sì lè bá wọn wí, ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn kọ́ ló lágbára.

Ìyá àgbà kan wà tí mo bá lórí àtẹ̀gùn òkúta létí omi ní nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀, gìgísẹ̀ ẹ̀ ti là yánnayànna, ó ń fi òróró pa á díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ẹrù ẹ̀ ò ju àpò aṣọ kan, ọ̀pá ìtilẹ̀ kan, àti ìgò kékeré tó bu omi Narmada sí, ìgò yẹn ò gbọ́dọ̀ ya ara ẹ̀. Bàbá onítíì kan rìn kọjá, ó gbé kọ́ọ̀pù tíì kalẹ̀ fún un, ó ní "Narmade Har", ìyá náà dáhùn "Narmade Har", bàbá bá tiẹ̀ lọ, kò bèèrè kọ́bọ̀. Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn níbẹ̀ nìyẹn. Ìyá ni wọ́n ń pe odò yẹn, kí wọ́n tó kẹsẹ̀ bọ omi wọ́n á kọ́kọ́ bu díẹ̀ kan orí, ọmọdé tó kàn fẹ́ lọ lúwẹ̀ẹ́ gan-an ń ṣe é.

*Ṣé wọ́n ń ta ọtí níbẹ̀?*

Rárá o. Láti 1 April 2025 ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti fòfin de títa ọtí ní Maheshwar àtàwọn ìlú ẹ̀sìn míì ní Madhya Pradesh. Tíì ni kẹ́ ẹ mu.

*Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi tó ń kàwé ní Indore sọ pé dámù kan wà nítòsí ibẹ̀ tí wọ́n ti kọ́ tipẹ́ tí kò ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni àbí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé?*

Òótọ́ ni mà, ọ̀rọ̀ yẹn sì ń dùn mí. Ìtòsí ìlú Mandleshwar ni, lápá òkè odò, kò jìnnà sí Maheshwar rárá. Iná mẹ́gáwáàtì 400 ni wọ́n ní ó máa mú wá, àmọ́ abúlé 61 ni ọ̀rọ̀ omi ẹ̀ kàn, àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ dúdú ọlọ́ràá yẹn, àwọn apẹja, àwọn tó ń gbin bàrà olómi sórí yanrìn tómi bá fà. Ní January 1998 ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará abúlé wọ ibi iṣẹ́ yẹn wọ́n jókòó síbẹ̀, àwọn obìnrin ló pọ̀ níwájú, ẹgbẹ́ Narmada Bachao Andolan, àwọn tó ń jà fún odò Narmada, ló sì dúró tì wọ́n. Ìjà yẹn ò tán bọ̀rọ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè tó fẹ́ fowó sí i yọwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọdún 2020 ni ìjọba ìpínlẹ̀ fagi lé àdéhùn tí wọ́n ṣe láti máa ra iná ibẹ̀. Kọnkéré ṣì dúró gbagidi sínú odò. Mi ò kórìíra iná mọ̀nàmọ́ná o, àwọn ahunṣọ gan-an nílò ẹ̀, ṣùgbọ́n kéèyàn tó da kọnkéré àkọ́kọ́ ó yẹ kó ti fi ilẹ̀ míì han àgbẹ̀ tó fẹ́ lé kúrò, ilẹ̀ gidi, kì í ṣe ìwé.

*Ìgbà wo ló dáa jù láti lọ, báwo la ṣe ń débẹ̀, kí la máa jẹ?*

Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ló dáa jù, ojú ọjọ́ tutù díẹ̀. Oṣù kẹrin sí ìkẹfà, ẹ má dán an wò, ooru ibẹ̀ ń kọjá ìwọ̀n 40, àtẹ̀gùn òkúta yẹn á máa jó ẹsẹ̀. Lásìkò òjò odò lè gun orí àtẹ̀gùn bò ó, ní oṣù kẹsàn-án 2023 omi kún gbogbo agbègbè yẹn débi pé wọ́n ń kó àwọn èèyàn kúrò nílé.

Ọkọ̀ òfuurufú máa gbé yín dé Indore, orúkọ Ahilyabai yìí náà ni wọ́n fi sọ pápá ọkọ̀ òfuurufú ibẹ̀, láti ibẹ̀ ó ku nǹkan bí 90 kìlómítà. Rélùwéè ò wọ Maheshwar. Bọ́ọ̀sì lẹ máa wọ̀, tí kò bá sí èyí tó lọ tààrà ẹ wọ èyí tó ń lọ Dhamnod kẹ́ ẹ pààrọ̀ ọkọ̀ níbẹ̀.

Oúnjẹ àárọ̀ wọn ni poha, ìrẹsì tí wọ́n ti tẹ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n wá fi atalẹ̀ pupa, àlùbọ́sà àti ata tútù sè, wọ́n á wọ́n sev, ìyẹ̀fun ẹ̀wà tí wọ́n dín tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dún kẹ́kẹ́ lẹ́nu, lé e lórí. Jalebi, ohun dídùn yẹn tí wọ́n dín tí wọ́n rì sínú omi ṣúgà, ni wọ́n ń jẹ tẹ̀ lé e. Mo kọ́kọ́ rò pé kò lè bára mu. Ó bára mu.

*Kí lẹ rí níbẹ̀ tẹ́ ẹ ò lè gbàgbé?*

Láràárọ̀, nínú odi yẹn, àwọn àlùfáà á jókòó yí pátákó ká, wọ́n á máa fi ìka bu amọ̀ dúdú, wọ́n á yí i róbótó, wọ́n á fi ṣe àmì òrìṣà Shiva kékeré kékeré tí ò ju orí ìka lọ, wọ́n á tò ó ní ìlà ní ìlà títí á fi di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Wọ́n á gbàdúrà lé e lórí tán, wọ́n á gbé pátákó sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò, wọ́n á dà á sómi. Ó tán nìyẹn, ọ̀la wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Látìgbà Ahilyabai ni wọ́n ní wọ́n ti ń ṣe é. Èmi kì í ṣe ẹlẹ́sìn wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí amọ̀ yẹn ń yọ́ lómi ojú mi kún fún omijé, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

*Ẹ kú àárẹ̀ o. Aláṣọ ni mí, ogún ọdún ni mo ti wà nídìí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ sáárì Maheshwari yẹn, aṣọ táwọn obìnrin Íńdíà ń ró, ló jẹ mí lógún, kí ló yà á sọ́tọ̀, tí mo bá débẹ̀ báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ojúlówó?*

Ìyá wa, ìbéèrè yín ni mo fi sẹ́yìn kí n lè dá a lóhùn dáadáa.

Ahilyabai ló ránṣẹ́ pe àwọn ahunṣọ wá láti Surat àtàwọn ibòmíì, ó fún wọn níbi tí wọ́n máa gbé, ó lóun fẹ́ aṣọ tí òun lè fi ta àlejò lọ́rẹ. Àwòrán tí wọ́n hun sí etí aṣọ, wọn ò lọ wá a lọ jìnnà, ara ògiri òkúta odi àti tẹ́ḿpìlì ni wọ́n ti wò ó. Lehriya ni ìgbì odò. Chatai, ẹní híhun. Eent, bíríkì. Hira, dáyámọ́ńdì. Mo di sáárì kan mú mo lọ dúró ti ògiri, mo fi ìka tọ òkúta, mo fi ìka tọ aṣọ, ọ̀kan náà ni. Ohun tó sì tún wú mi lórí ni pé Mùsùlùmí ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń hun àwòrán ara tẹ́ḿpìlì yìí, láti ọ̀dọ̀ bàbá ńlá wọn.

Sílíkì ni òwú gígùn tí wọ́n ń ta sórí òfì, òwú lásán ni wọ́n ń fi ọkọ̀ òfì gbé kọjá láàárín ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi fẹ́lẹ́ tó ń dán tí kò sì mú ooru. Tí òwú orí òfì bá ti fẹ́ tán wọn kì í tú u kúrò, ẹnì kan, obìnrin ló sábà máa ń jẹ́, á jókòó sílẹ̀ á máa mú ẹnu òwú tuntun kọ̀ọ̀kan lọ́ mọ́ ẹnu ti àtijọ́ pẹ̀lú ìka méjì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òwú ni o! Mo wo ọ̀kan fún bíi wákàtí kan, kò gbójú sókè, ìka ẹ̀ kàn ń lọ bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà. Nínú àdúgbò àwọn ahunṣọ tẹ́ ẹ bá ń rìn kọjá, ìró òfì lẹ máa gbọ́ láti ojúlé dé ojúlé.

Iṣẹ́ yìí fẹ́ẹ̀ kú nígbà kan nítorí aṣọ ẹ̀rọ. Lápá ìparí àwọn ọdún 1970 ni Richard Holkar, ọmọ ìdílé ọba yẹn, àti Sally ìyàwó ẹ̀ dá ẹgbẹ́ ahunṣọ kan tó ń jẹ́ Rehwa sílẹ̀, wọ́n gbé òfì sílẹ̀ fáwọn obìnrin, wọ́n ń kọ́ wọn, wọ́n sì ń bá wọn tà á. Rewa ni orúkọ míì tí wọ́n ń pe Narmada, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú orúkọ yẹn. Ẹ lọ síbẹ̀, wọ́n á jẹ́ kẹ́ ẹ dúró wo iṣẹ́.

Tó bá wá kan rírà, ẹ má rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń sáré tọ èèyàn lẹ́bàá odò, ẹ wọnú àdúgbò àwọn ahunṣọ lọ. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ aṣọ dáadáa, ihò wínníwínní bí ojú abẹ́rẹ́ máa ń wà níbẹ̀, ọ̀pá tí wọ́n fi ń na aṣọ lórí òfì ló dá a, aṣọ ẹ̀rọ kì í sábà ní in. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ yí etí aṣọ padà. Iwájú àti ẹ̀yìn Maheshwari gidi ṣeé wọ̀, àwòrán ẹ̀ máa mọ́ lójú méjèèjì. Tí ẹ̀yìn bá rí jákujàku tí òwú ń yọ kíṣikìṣi, ẹ ká a padà fún ẹni tó ń tà á, kẹ́ ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ kọjá sí ojúlé kejì.