Ẹ̀wà SAMPEA 20-T: Ṣé a ò ní fín oògùn mọ́ ni?

Ìbéèrè: Gwagwaládà ni mo ti ń dáko. Wọ́n ní kòkòrò kì í jẹ ẹ̀wà tuntun yìí. Kí ló dé tí òdòdó tèmi ṣì ń re? — Bàbá Ṣẹ́gun

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ oko, Bàbá Ṣẹ́gun. Àbùdá (gene) kan láti ara bakitéríà inú ilẹ̀ ló wà nínú ẹ̀wà tí IAR, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Zaria, gbé jáde lọ́dún 2019 yìí. Bí ìdin Maruca (ọmọ àfòpiná kan tó ń ba ẹ̀wà jẹ́) bá bu òdòdó tàbí ẹ̀wà tútù jẹ, ìfun rẹ̀ á lu, á kú. Maruca nìkan ṣá o! Ẹ gbọn òdòdó sórí ìwé funfun; bí ẹ bá rí kòkòrò tín-ín-rín tó ń rìn, thrips nìyẹn, òun ló ń mú kí òdòdó re. Ẹ fín oògùn lẹ́ẹ̀mejì: nígbà tó bá ń rudi, àti nígbà tó bá so. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀wà gbígbẹ nínú àpò náà ò bẹ̀rù àbùdá yìí. Àpò onípele mẹ́ta tí a so pa pinpin ni tiyẹn.