Pláyà àti kọ́tà: ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́

Àbúrò wa kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ iná ló béèrè èwo ni kí òun rà: ṣé pláyà kọmbinéṣọ̀n (èyí tó ń di nǹkan mú, tó tún ń gé) kan ṣoṣo tó dára gan-an ni, àbí àpò tí wọ́n to pláyà àti kọ́tà (irinṣẹ́ tí a fi ń gé wáyà) méje sí, nígbà tí iye owó méjèèjì ò jìnnà síra. Àwọn kan ti ní kó ra àpò, pé bí irinṣẹ́ bá ṣe pọ̀ tó ni iṣẹ́ ṣe máa ń yá tó. Àbúrò mi, má ra àpò yẹn. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń fi pláyà jẹun, ohun tí mo sì fẹ́ kó o mú lọ ni pé ẹnu tó ń gé nǹkan ni kó o náwó lé. Ra kọ́tà ẹ̀gbẹ́ kan tó dáa ná. Kọmbinéṣọ̀n ló tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta ni ògbólógbòó kan tí o ò ní ké tó bá bà jẹ́, ìyẹn ni wàá máa fi gé irin.

Èmi náà ra àpò nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ó wuyì lójú, ọwọ́ wọn pupa, gbogbo wọn ń dán. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ẹnu kọ́tà inú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán wẹ́wẹ́. Tí mo bá ki wáyà bàbà bọ̀ ọ́, kì í gé e, ńṣe ló máa ń tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, màá wá máa fi ọwọ́ jù ú sọ́tùn-ún sósì títí wáyà á fi já. Mo rò pé bí iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé jíjù sọ́tùn-ún sósì yẹn gan-an ló ń tú oríkèé rẹ̀, tí ẹnu méjèèjì ò fi pàdé mọ́. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ yá mi ní kọ́tà tirẹ̀, ó ní kí n fi gé ẹyọ wáyà kan. Mo kàn gbọ́ "kẹ́", wáyà ti bọ́ sílẹ̀, ojú ibi tó ti gé sì mọ́ tónítóní. Láti oṣù mẹ́ta ni mo ti ń fi agbára apá mi ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí ẹnu kọ́tà ṣe.

Ohun méjì ló mú kí tirẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi. Àkọ́kọ́ ni líle. Ẹnu kọ́tà gbọ́dọ̀ le ju ohun tó fẹ́ gé lọ, ṣùgbọ́n tí gbogbo ara rẹ̀ bá le bẹ́ẹ̀, á kán bí àwo. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń mú ojú ẹnu nìkan gbóná lọ́tọ̀, kí wọ́n tó mú un tutù lójijì. Lára èyí tó dáa, líle ojú ẹnu lè tó nǹkan bí 64 lórí òṣùwọ̀n Rockwell C. Èyí tó wà nínú àpò mi, orí ìwé rẹ̀ ò sọ nǹkan kan nípa líle rárá.

Èkejì ni ibi tí ìṣó oríkèé wà. Ká ní ọwọ́ rẹ di pláyà mú ní mílímítà 150 sí oríkèé, wáyà sì wà ní mílímítà 15 sí i: agbára ọwọ́ rẹ ti di ìlọ́po 10 nìyẹn. Sún wáyà kan náà lọ sí mílímítà 30, ó ti já sí ìlọ́po 5. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá le, tì í wọlé dáadáa kó súnmọ́ oríkèé, má fi ìmú kọ́tà gé e. Tó o bá sì ń rajà, wo ìṣó yẹn. Àwọn kan wà tí wọ́n dìídì sún un mọ́ ẹnu, wàá rí i pé gígùn kan náà ni wọ́n pẹ̀lú àwọn yòókù ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kó o fún ọwọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Má fojú kéré ọ̀rọ̀ fífún ọwọ́ yìí. Ọdún kan wà tí a ń ṣe iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni mo ń gé wáyà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún lójúmọ́, kọ́tà kékeré oní-mílímítà 140 ló sì wà lọ́wọ́ mi. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ìnira díẹ̀ ní ìdí àtàǹpàkò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mi ò lè di ife omi mú lálẹ́, ìyàwó mi ló ń bá mi ṣí ìdérí ìgò. Dókítà ní kí n sinmi, mo sì sinmi, ṣùgbọ́n bí mo ṣe padà sẹ́nu iṣẹ́ ni ìrora náà padà. Ohun tó gbà mí ni kọ́tà oní-mílímítà 180 tí oríkèé rẹ̀ súnmọ́ ẹnu, tí ọwọ́ rẹ̀ nípọn tó kún àtẹ́lẹwọ́ mi. Títí dòní, tí òtútù bá mú, àtàǹpàkò yẹn ṣì máa ń rán mi létí.

Ní báyìí, ìdí tí mo fi ní kó o ní ẹ̀kẹta fún irin. Sípíríǹgì tí a fi ń fa wáyà nínú páìpù ha mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan. Mo fà á títí, kò wá. Mo wá yọ kọ́tà tuntun mi, mo ní kí n gé sípíríǹgì náà kúrò. Irin sípíríǹgì kì í ṣe ẹgbẹ́ bàbà, ó le kọjá ohun tí kọ́tà oníṣẹ́ iná lè gé. Mo fún un, kò gé, mo tún fi ọwọ́ kejì kún un. Ó dún "pà!", èérún kan láti ẹnu kọ́tà sì fò wá bá mi lábẹ́ ojú òsì. Ibi tó gún kò ju ìwọ̀n ìka kan lọ sí ẹyinjú. Mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, mi ò lè sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò gé nǹkan líle láìwọ awò ojú, mi ò sì fi kọ́tà bàbà kan irin sípíríǹgì, ìṣó tàbí okùn irin mọ́. Kọ́tà kan wà fún irun irin líle, kékeré ni, ó dà bí kọ́tà ńlá tí wọ́n fi ń gé bóòtì, tí wọ́n wá sọ di kékeré, ìyẹn ló yẹ iṣẹ́ náà. Bí o ò bá ì tíì lè rà á, ayùn irin á gé e.

Kọ́tà kébù ńlá náà ní ìṣòro tirẹ̀. Èyí tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ẹyẹ ògòǹgò tó la ẹnu, tó ń kọjá lára ara wọn bí àlùmọ́gàjí, bàbà àti alumíníọ̀mù nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ó ń gé kébù tó nípọn bí ẹní gé iṣu, kì í sì í fún un pẹlẹbẹ, tó bẹ́ẹ̀ tí o ò ní máa fi ìka to irun wáyà padà kó tó wọ lọ́ọ̀gì, ìyẹn irin tí a fi ń so orí kébù. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ tinrin. Kébù tí wọ́n fi irun irin yí lára ń bẹ, wáyà alumíníọ̀mù orí òpó tí okùn irin wà láàárín rẹ̀ náà ń bẹ. Ẹnì kan tí a jọ ṣiṣẹ́ mú tèmi láìbéèrè, ó fi gé kébù onírun irin. Nígbà tó dá a padà, ihò méjì ti wà lójú ẹnu rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ní gbogbo ibi tó bá fi gé, irun bàbà méjì máa ń kù tí kò já, wọ́n á máa fa gbogbo kébù yòókù ya. Ó dùn mí gan-an, torí kọ́tà yẹn kò ṣe é pọ́n nílé. Má fi irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ gbalaja níbi iṣẹ́.

Nípa kọmbinéṣọ̀n: di-mú, yí, fà, lọ́ wáyà pọ̀, gé èyí tí kò nípọn jù. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ó sì tó iṣẹ́. Mílímítà 180 tàbí 200 ló bá ọ̀pọ̀ ọwọ́ mu. Èyí tó tóbi jù ú lọ, tí àwọn oníṣẹ́ òpó ń lò, ní ìtàn tí mo fẹ́ràn. Ní Chicago ní ọdún 1857, òṣìṣẹ́ wáyà tẹ́lígíráàfù kan gbé pláyà rẹ̀ tí apá kan ti kán lọ bá alágbẹ̀dẹ tó ń jẹ́ Mathias Klein. Klein rọ apá tuntun, ó dè é mọ́ apá àtijọ́ tó kù. Nígbà tó yá, apá àtijọ́ náà kán, ọkùnrin náà padà wá, Klein tún rọ ìyẹn. Inú iṣẹ́ àtúnṣe yẹn ni Klein Tools, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe pláyà, ti ṣẹ̀. Mo máa ń rántí rẹ̀ tí ẹnì kan bá ní gbogbo pláyà ò ju ẹ̀mú lọ.

Ọ̀rọ̀ iná wá kù, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kó o tẹ́tí sí jù lọ. Rọ́bà aláwọ̀ tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ pláyà kò wà fún ààbò kankan, kí ọwọ́ má bàa yọ̀ ni. Èyí tó wà fún iná máa ń ní àmì onígun mẹ́ta méjì àti 1000 V lára, ìlànà àgbáyé rẹ̀ sì ni IEC 60900: iná AC (irú tó ń wọlé wá láti òpó) títí dé 1000 V, DC (irú ti bátìrì) títí dé 1500 V, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi 10,000 V dán an wò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àwọ̀ méjì, ọ̀kan lábẹ́, ọ̀kan lókè. Bí àwọ̀ abẹ́ bá ti hàn níbi kan, ó ti parí fún iṣẹ́ iná, má fi téèpù dí i.

Èyí tó sì ní àmì kò sọ pé kó o máa gé iná tó ń lọ. Mo pa bíréékà kan, mo gbà pé òun ni, mi ò fi tẹ́sítà wò ó. Mo ki kébù wáyà méjì bọ ẹnu kọ́tà lẹ́ẹ̀kan náà. Irin ẹnu kọ́tà so wáyà méjèèjì pọ̀, iná bú gbàù, gbogbo ibẹ̀ funfun lójú mi, òórùn irin jíjó sì gba yàrá. Rọ́bà ọwọ́ rẹ̀ gbà mí. Nígbà tí mo tún ríran dáadáa, ihò róbótó kan ti wà láàárín ẹnu kọ́tà náà, bí ìgbà tí ẹnì kan bu irin náà jẹ. Mo ṣì ní in. Mo máa ń gbé e fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kí wọ́n fi ìka kan ihò yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ wá. Tẹ́sítà ná, kí kọ́tà tó tẹ̀ lé e, kó o sì máa gé wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn tó kù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Pláyà onímú gígùn wà fún ibi tí ìka ò dé, má fi tú nọ́ọ̀tì, ìmú rẹ̀ á lọ́, kò sì ní padà bọ̀ sípò. Pláyà ńlá tí àwọn púlọ́mbà ń ṣí ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, páìpù ló yẹ, ó máa ń jẹ igun nọ́ọ̀tì. Tó o bá máa gé páànù, àlùmọ́gàjí páànù ń bẹ lóríṣi mẹ́ta, àwọ̀ ọwọ́ rẹ̀ ló ń sọ ibi tó ń gbà: pupa ń yí sósì, àwọ̀ ewé ń yí sọ́tùn-ún, yẹ́lò ń lọ tààrà. Kò gbọdọ̀ kan wáyà rárá.

Ohun kékeré kan tún wà tí a kì í sọ fún ọmọ iṣẹ́: ojú ẹnu kọ́tà kò rí bákan náà. Èyí tó wọ́pọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lápá méjèèjì, ó lágbára, ṣùgbọ́n ó ń fi ṣóńṣó sílẹ̀ lórí ohun tó gé. Ẹ̀yìn òmíràn tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń gé ṣíṣán láìfi nǹkan kan sílẹ̀, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò lágbára tó bẹ́ẹ̀, wáyà tó le díẹ̀ á bù ú. Èyí ẹlẹ́yìn pẹrẹsẹ yìí ni kó o fi máa gé okùn rọ́bà tí a fi ń di wáyà. Mo ní àpá gígùn kan ní apá ọ̀tún láti ara okùn rọ́bà tí mo fi kọ́tà tó ń fi ṣóńṣó sílẹ̀ gé nínú pánẹ́ẹ̀lì, tí mo wá na ọwọ́ kọjá níbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ó mú bí abẹ.

Ọ́ìlì ẹ̀kán kan sí oríkèé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, má fi pláyà kan ìṣó, má ti páìpù bọ ọwọ́ rẹ̀ láti fi kún agbára, má sì jẹ́ kó wọ inú iná tó ń jó, torí líle ojú ẹnu rẹ̀ á lọ.

Lọ́jọ́ tó o bá ń lọ rà á, mú irun wáyà bàbà tinrin kan dání, ẹyọ kan láti inú wáyà onírun púpọ̀. Gbé kọ́tà náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, pa ẹnu rẹ̀ dé pẹ̀lẹ́ láìfún un. Ìmú rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ pàdé. Bó bá jẹ́ ìdí rẹ̀ lẹ́bàá oríkèé ló kọ́kọ́ pàdé, tí ìmú ṣì là, dá a padà. Ṣí i, pa á dé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí o sì mi apá rẹ̀ méjèèjì wò: kò gbọdọ̀ mì, kò sì gbọdọ̀ há. Lẹ́yìn náà, fi góńgó ìmú rẹ̀ gé irun bàbà yẹn. Bó bá já lẹ́ẹ̀kan náà, sanwó. Bó bá tẹ̀ sáàárín ẹnu méjèèjì láìjá, gbé e sílẹ̀, kó o mú òmíràn nínú irú rẹ̀ kan náà, torí méjì tí wọ́n jọ jáde nínú páálí kan náà lè má gé bákan náà.